Òórùn ẹja kò kúrò ní búùtù, òmíràn tún ń jáde látinú AC: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Camry Muscle 2008 ni mọ́tò náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, páálí ẹja dídì méjì yọ́ sínú búùtù, omi rẹ̀ sì ṣàn káàkiri. Mo ti fi ọṣẹ olómi àti omi gbígbóná fọ káàpẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a, mo wọ́n báékìn sódà sí i, mo sì so lọ́fíńdà mọ́tò mẹ́ta kọ́ síwájú. Láàárọ̀, kò rùn. Tó bá ti di aago kan ọ̀sán tí oòrùn ti pa mọ́tò, àfi bí ìgbà téèyàn wọ ìsọ̀ ẹlẹ́ja.

Nǹkan kejì: bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan AC, òórùn mìíràn máa ń kọ́kọ́ fẹ́ jáde fún bí ìṣẹ́jú méjì, bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Ṣé ẹja yẹn náà ló wọ inú AC ni? Ẹ má ní kí n lọ ra lọ́fíńdà kẹrin o.

SisíÌbàdàn
Kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́ káńfọ̀ mẹ́rin, ẹ dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ ògbólógbòó, ẹ jù ú sábẹ́ àga. Ẹ da kọfí lílọ̀ sínú abọ́, ẹ gbé e sí búùtù. Ọjọ́ mẹ́ta péré.

AwakọÀgbà
@SisíÌbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ káńfọ̀ kúrò níbẹ̀. Nínú mọ́tò tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, oòrùn máa sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ kíákíá, ẹni tó bá wọlé ló máa fà á símú. Náftálínì ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Tí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó bá ń fà á símú, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ojú ọmọ pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ̀ ọ́ fún aṣọ ìkókó. Kọfí ní tirẹ̀ kò léwu, ẹja tó mu kọfí ni mọ́tò kàn máa rùn bí.

Kẹ́místrì_Ifẹ̀
Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí báékìn sódà kò fi ràn án. Ohun tó ń rùn lára ẹja ni wọ́n ń pè ní trimethylamine. Ọmọ ìyá amóníà ni. Kì í ṣe nǹkan kíkan, báékìn sódà náà kì í sì í ṣe nǹkan kíkan, kò sí ìjà láàárín wọn. Nǹkan kíkan ló ń mú un: fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n á sọ ọ́ di iyọ̀ tí kò lè fò wọ afẹ́fẹ́ mọ́, omi á sì gbé e lọ. Ṣebí ọsàn wẹ́wẹ́ náà ni wọ́n fi ń fọ ẹja nílé kó tó wọ ìkòkò?

Wàrà tó dà sílẹ̀ tó sì kan, tàbí èébì ọmọdé, ibẹ̀ ni báékìn sódà ti wúlò, torí kíkan ni tìwọn. Ẹ má sì po fínígà àti sódà pọ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ó máa hó yàà lójú, àmọ́ wọ́n ti pa ara wọn nìyẹn, omi oníyọ̀ lásán ló kù lọ́wọ́ yín.

Omi gbígbóná tún ṣe ìpalára. Omi ara ẹja dà bíi funfun ẹyin: bó bá ti rí iná, ó máa dì, á sì lẹ̀ mọ́ fọ́nrán káàpẹ́ẹ̀tì. Omi tútù tàbí ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò láti ìsinsìnyí lọ.

AfọkọMọ́tónítóní
Òótọ́ ni Kẹ́místrì sọ, àmọ́ tí ẹ bá fọ́n fínígà sórí káàpẹ́ẹ̀tì nìkan, kò ní dé ibi tí ìyà wà. Omi kì í dúró sójú kan ní búùtù. Ó ń gba abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì wọ kòtò sípíà táyà, tí ẹ bá sì tẹ búréèkì tàbí tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, apá kan máa ṣàn síwájú lọ sábẹ́ àga ẹ̀yìn.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde: káàpẹ́ẹ̀tì, pákó tó bo sípíà, táyà náà, jáàkì, àti ike ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bọ́tìnnì oníke ló di àwọn ike yẹn mú. Sikurú dírábà pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi gbé àárín bọ́tìnnì sókè kí ẹ tó fa ìyókù. Tí ẹ bá kàn fà á tagbáratagbára, á kán, kan-kan-kan ni ẹ ó sì máa gbọ́ látẹ̀yìn títí láé. Ẹ ra mélòó kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó ń rùn gan-an. Ẹ má kan máa tẹ imú bọ búùtù, torí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan imú ti mọ́ra, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ rin áńkáṣíìfù funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan, kí ẹ gbé e jìnnà sí mọ́tò kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ síbòmíràn. Eteetí kòtò sípíà, ìdí rọ́bà tó yí ẹnu búùtù ká, ẹ̀yìn ike ẹ̀gbẹ́, àárín ihò ríìmù sípíà: ibẹ̀ ló sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ní ìsàlẹ̀ kòtò sípíà, ẹ óò rí rọ́bà róbótó tó dí ihò. Ẹ yọ ọ́ kí omi lè jáde nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Kí ẹ má sì gbàgbé dá a padà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín sálẹ́ńsà àti omi ojú títì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ara irin: ife fínígà kan sí ife omi méjì. Ẹ fi nù ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi omi ṣan án, ẹ nù ún gbẹ pátápátá, torí níbi tí ọ̀dà bá ti họ, fínígà á mú un dípẹtà.

Káàpẹ́ẹ̀tì: ìwọ̀n kan náà, nínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sírun. Ẹ fọ́n ọn títí ẹ̀yìn káàpẹ́ẹ̀tì náà fi tutù. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣan án, ẹ tẹ́ tówẹ̀lì lé e, kí ẹ fi ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀ kó lè fa omi. Ìgbà yẹn ló kan ọṣẹ ìfọṣọ aláyẹ̀fun, èyí tí wọ́n kọ enzyme sára páálí rẹ̀. Síbí ìjẹun méjì sí lítà omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ kan. Ẹ dà á sí i, ẹ fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀ láti alẹ́ di àárọ̀. Enzyme yẹn ló ń jẹ ẹran ara ẹja tó lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, bí káàpẹ́ẹ̀tì bá sì ti gbẹ, ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Láàárọ̀, ẹ ṣan án títí kò fi ní hó mọ́, ẹ wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì gbáko.

Fínígà náà á rùn fún ọjọ́ kan àbọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, yóò lọ fúnra rẹ̀.

SisíÌbàdàn
Ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè rọ́pò fínígà? Ó ṣáà wà nílé.

AfọkọMọ́tónítóní
Fún irin, ó dáa. Fún káàpẹ́ẹ̀tì, rárá. Ẹran ọsàn máa lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà á sì dé.

Rewáyà_Ṣàgámù
Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó ṣí àga ẹ̀yìn. Lórí Camry yẹn, ìjókòó ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ọ̀tì. Ẹ ki ọwọ́ sábẹ́ etí iwájú rẹ̀, lápá òsì, ẹ fà á sókè gírí títí ìkọ́ rẹ̀ fi yọ, ẹ ṣe apá ọ̀tún bákan náà, kí ẹ wá tì í sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè jáde.

Abẹ́ rẹ̀ ni ìdérí ibi tí pọ́ǹpù epo wà, pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ẹ má da omi síbẹ̀. Tówẹ̀lì tí ẹ ti fún ni kí ẹ fi nù ún. Tí ẹ bá sì gbóòórùn bẹntiróòlù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹja: wọ́ṣà ẹnu pọ́ǹpù ló ti bàjẹ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ afàdọ̀tí tàbí fáànù oníná kankan sínú mọ́tò tó ń rùn bẹntiróòlù, iná tín-ín-tín kan ti tó.

Àga iwájú ńkọ́? Tí ẹ bá rí wáyà aláwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ rẹ̀, ti áábààgì ni. Ẹ tú ẹsẹ̀ bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn afọkọ̀ kan máa ń já a, wọ́n á tan mọ́tò láti gbé e lọ síbòmíràn, iná áábààgì á sì tàn sílẹ̀ lórí dáṣíbọọ̀dù.

Mẹkáníìkì_Òjòkú
Ti AC yẹn, gáàsì ló ti gbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ti inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n fi tuntun sí i.

Ẹlẹ́rọTútù
@Mẹkáníìkì_Òjòkú, ẹ má bínú, gáàsì kì í gbó. Inú páìpù ló ń yí po, kì í jáde pẹ̀lú atẹ́gùn tí à ń mí. Tó bá ń jò ni AC kò ní tutù dáadáa. Ẹni tó ní AC òun ń tutù ṣùgbọ́n ó ń rùn, tí wọ́n wá gba owó gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kàn kówó rẹ̀ lọ ni.

Madam, òórùn aṣọ tútù yẹn kò bá ẹja tan. Nínú dáṣíbọọ̀dù, kọ́ìlì kan wà tí àwọn ẹlẹ́rọ ń pè ní evaporator. Bí AC bá ń ṣiṣẹ́, omi máa ń sẹ̀ sí i lára bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò míńírà tútù. Ó yẹ kí omi yẹn gba họ́ọ̀sì kékeré kan jáde sílẹ̀, lápá ọ̀tún, ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá pa mọ́tò lójijì pẹ̀lú AC, omi máa wà lára kọ́ìlì nínú òkùnkùn àti ooru, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu á sì hù níbẹ̀. Òun ni ẹ̀ ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹ kó ẹrù inú pigeonhole, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sínú kó lè já wálẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò rí àpótí pẹlẹbẹ tí fíltà AC wà nínú rẹ̀. Ẹ fà á jáde. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò tàbí tí ewé wà nínú rẹ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ má fọ̀ ọ́, bébà ni. Àwọn tòkunbọ̀ mìíràn kò tiẹ̀ ní fíltà nínú, àlàfo lásán lẹ óò bá, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé gbogbo eruku ń lọ tààrà sára kọ́ìlì.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ ra agolo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún fífọ evaporator, pẹ̀lú rọ́bà gígùn lẹ́nu. Ẹ pa mọ́tò. Ẹ ki rọ́bà náà gba ibi tí fíltà ti jáde, kó kọjú sí kọ́ìlì, kì í ṣe sí mọ́tò búlówà tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ fọ́n agolo náà tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí fọ́ọ̀mù lè di omi, kó sì jáde nílẹ̀. Omi tó jáde máa ń dúdú. Ẹ wá tan mọ́tò, ẹ má tan AC, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ fi fáànù sí ibi tó ga jù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ tó fi fíltà tuntun sí i, ẹ wo ọfà ara rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, bó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ délé, ẹ pa AC, ẹ fi fáànù sílẹ̀. Kọ́ìlì á gbẹ. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, òórùn á padà bá a láìpẹ́, iye agolo yòówù kó rà.

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo ṣe ń tú pigeonhole, mo rí i pé káàpẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀ tutù rinrin. Ojú rẹ̀ gbẹ, àmọ́ tí mo bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi á yọ. Òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ márùn-ún.

Ẹlẹ́rọTútù
Háà! Ẹ wo abẹ́ mọ́tò. Ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ooru bá mú. Tí omi kò bá kán sílẹ̀, họ́ọ̀sì yẹn ti dí, inú mọ́tò ni omi ń dà sí.

AwakọÀgbà
Kí ẹ tó gbà pé omi AC ni, ẹ fi tíṣù funfun tẹ̀ ẹ́. Omi tó mọ́ tí kò ní àwọ̀ jẹ́ ti AC tàbí òjò. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó ní àwọ̀ ewé, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí gíláàsì iwájú sì ń ní kurukuru ọlọ́ràá, omi rédíétọ̀ ni. Kọ́ìlì tó ń fún wọn ní ooru ní ìlú òtútù ló ti lu. Òórùn rẹ̀ máa ń dùn bí súìtì. Ẹ má tọ́ ọ wò o, májèlé ni. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kàn máa ń so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀ kí omi má wọ inú kọ́ìlì náà mọ́. Kò sẹ́ni tó nílò híítà ní Àkúrẹ́.

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́
Tíṣù funfun ni, kò ní àwọ̀. Kò sì sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ mọ́tò.

Mẹkáníìkì_Òjòkú
Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí ó fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ họ́ọ̀sì náà. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ẹlẹ́rọTútù
Atẹ́gùn yẹn ti le jù. Ó lè já họ́ọ̀sì kúrò lára àpótí kọ́ìlì nínú lọ́hùn-ún, ẹ óò wá tú dáṣíbọọ̀dù nítorí rọ́bà kékeré kan. Wáyà rírọ̀ tí ẹ ti tẹ orí rẹ̀ kó má gún nǹkan ni kí ẹ fi tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ máa yí i. Kí ẹni tó ń ṣe é má gbé ojú sábẹ́ rẹ̀, torí omi náà á dà wàràwàrà. Kí mọ́tò wà lórí sítáǹdì o, ẹ má gbára lé jáàkì nìkan.

ỌmọLádípọ̀
Ẹ tún wo ibi tí wáípà wà. Lábẹ́ ike dúdú ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ewé àti ìdọ̀tí igi máa ń dí ojú ọ̀nà omi òjò. Tó bá dí, omi á kún, á sì gba ẹnu búlówà wọlé. Ẹni tó ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ṣọ́ra.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀: mọ́tò tí lọ́fíńdà rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ fura. Ẹ ṣí kòtò sípíà, kí ẹ wo bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde dé òpin, kí ẹ wo bóyá ìlà omi wà lára rẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tó de àga mọ́lẹ̀. Tó bá ti dípẹtà nígbà tí ara mọ́tò ń dán, ẹ̀kún omi ti bo mọ́tò yẹn rí.

SisíÌbàdàn
Wọ́n ní ẹ̀rọ ósóònù, èyí tó ń fi gáàsì pa òórùn, wà níbi ìfọkọ̀. Ṣé kò ní parí gbogbo wàhálà yìí lẹ́ẹ̀kan?

AfọkọMọ́tónítóní
Ìkẹyìn ni ósóònù. Tí omi ẹja bá ṣì wà nísàlẹ̀, òórùn á padà lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́ tó sì ti gbẹ, wọ́n lè tan án fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí AC máa yí atẹ́gùn inú po, kí ẹnikẹ́ni má sí nínú rẹ̀, ajá tàbí ológbò náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ó máa ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣíṣí fún wákàtí kan. Tí wọ́n bá sì ń ṣe é léraléra, rọ́bà ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

BísíOnísọ̀
Ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Bílíìṣì ńkọ́? Tèmi kì í ṣe ẹja, eku ló kú síbì kan, tí mo bá tan fáànù ló ń rùn.

Kẹ́místrì_Ifẹ̀
Bílíìṣì lórí káàpẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ dúdú, ẹ óò rí àwọ̀ rẹ̀ tó pa dà di ti osùn. Tó bá sì pàdé fínígà, gáàsì kọlorí-ìn ló máa jáde, ó lè pa èèyàn nínú mọ́tò tí wọ́n tì. Ẹni tó ti lo fínígà kò gbọ́dọ̀ mú bílíìṣì sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹlẹ́rọTútù
@BísíOnísọ̀, tó bá jẹ́ pé fáànù ló ń gbé e jáde, inú ilé búlówà tàbí lórí fíltà ló wà. Ẹ yọ fíltà bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Tí kò bá sí níbẹ̀, búlówà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sikurú mẹ́ta ló sábà ń dì í mú. Eku máa ń kó òwú àti bébà jọ síbẹ̀ ṣe ìtẹ́.

AwakọÀgbà
Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: ibà Lassa ń bẹ nílẹ̀ wa, Òǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, ẹ má sì lo ẹ̀rọ afàdọ̀tí. Ibí gan-an ni bílíìṣì ti wúlò: ìwọ̀n kan sí omi mẹ́sàn-án, ẹ fi rin ín, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi tíṣù kó o sínú ọ̀rá méjì. Ẹ má tan fáànù títí ẹ ó fi parí.

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Wáyà wọ họ́ọ̀sì lónìí, omi dúdú bí ife mẹ́ta ló dà sílẹ̀, ẹrẹ̀ ló dí i. Mo ti fi fọ́ọ̀mù fọ kọ́ìlì, mo sì ti fi fíltà tuntun sí i. Òórùn aṣọ tútù ti lọ. Áńkáṣíìfù funfun ló tú àṣírí ẹja: kì í ṣe káàpẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ike ọwọ́ òsì ni, òwú nínípọn kan wà níbẹ̀ tó fa omi mu bíi kànìnkànìn. Mo ti fi fínígà rin ín lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń rùn díẹ̀. Ṣé kí n tún un ṣe?

AfọkọMọ́tónítóní
Rárá, ẹ gé e sọnù. Òwú yẹn kò ṣeé fọ̀, ariwo táyà nìkan ló ń dín kù. Ẹ fi fóòmù tínrín rọ́pò rẹ̀, èyí tí kì í mumi. Káàpẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti gbé e sókè?

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́
Rárá o. Mo rò pé á gbẹ fúnra rẹ̀.

AfọkọMọ́tónítóní
Kò ní gbẹ. Fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ nípọn, ojú ló máa gbẹ, ìsàlẹ̀ á máa jẹrà. Ẹ yọ ike ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, ẹ gbé etí káàpẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ ki ìdí abọ́ tàbí igi kan sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, ẹ fi fáànù kọjú sí i fún ọjọ́ méjì. Tí tíṣù gbígbẹ tí ẹ tẹ̀ mọ́ fóòmù bá jáde ní gbígbẹ, ẹ dá a padà.